Kí ló gbé èrò lọ sí Johannesburg?

ỌmọOlúyọ̀lé: Ẹ kú ilé o. Johannesburg kò sí létí òkun, kò sì ní odò ńlá kankan. Kí ló wá kó èrò tó pọ̀ báyẹn jọ síbẹ̀?

BàbáJozi: Wúrà ni, àbúrò. Ọdún 1886 ni wọ́n rí i nínú oko Langlaagte, kí ọdún náà sì tó parí, ìjọba àwọn Boer, àwọn òyìnbó ìran Dutch tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ti ń ta pulọ́ọ̀tì. Kì í ṣe irú wúrà tí wọ́n ń jọ̀ nínú yanrìn odò ní Iléṣà o. Inú àpáta ló há sí, wínníwínní, àpáta ọ̀hún sì ń rì wọlẹ̀ lọ ni. Olówó ńlá nìkan ló lè gbẹ́ ẹ. Láti nǹkan bí 1890 ni wọ́n ti ń fi sáyánáìdì, májèlé paraku, yọ ọ́ kúrò nínú òkúta lílọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló di òkìtì gàgàrà lápá gúúsù ìlú. Tí atẹ́gùn oṣù kẹjọ bá fẹ́, ẹni tó sá aṣọ funfun nítòsí ibẹ̀ á tún un fọ̀ ni.

ÌyáÌbejì: Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo ló ń wọ inú kòtò?

BàbáJozi: Àwọn aláwọ̀ dúdú ni, títí dé Mozambique àti Lesotho. Inú kọ́ńpáǹdì ni wọ́n ń kó wọn sí nígbà náà, ọkùnrin nìkan; ìyàwó àtọmọ wà nílé. Ní 1946 wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ṣílè mẹ́wàá lóòjọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ìbọn ọlọ́pàá ni wọ́n rí gbà.

ỌmọOlúyọ̀lé: Háà! Omi ńkọ́, sà?

BàbáJozi: Odò Vaal. Nígbà tíyẹn ò tó mọ́, wọ́n dá ihò sábẹ́ òkè ní Lesotho láti fà sí i.