Ṣé másítà ni kí n ṣe ni, àbí ìdánwò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ètò ìnáwó?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo wà. Akáǹtì ni mo kà ní yunifásítì, èmi ni mo sì ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ṣe ìwé owó.

Lóṣù tó kọjá, màmá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì kó ìwé wọn wá nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, òjò ti pa á. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni kí n fi èyí tó kù ṣe?" Àwọn onísọdiméjì, àwọn gbájúẹ̀ tó ní àwọn á sọ owó di ìlọ́po méjì, ti kó ìdajì owó ìfẹ̀yìntì wọn lọ! Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, kí òṣìṣẹ́ dá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 sí i, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wọhò níwájú màmá yẹn.

Mo wá fẹ́ kọ́ṣẹ́ olùdámọ̀ràn ètò ìnáwó dójú àmì. Ọkọ mi ní kí n lọ ṣe másítà nínú finance. Èmi ń wo CFP, ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń bá èèyàn ṣètò owó ara wọn. CFA, ìwé-ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ìdókòwò, náà wà, àmọ́ ìdánwò onípele 3 ni, dọ́là ni wọ́n ń gbà, ó sì jọ pé ti àwọn tó ń bójú tó owó ńláńlá ni, kì í ṣe ti màmá onínáílọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí, èwo lẹ kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ẹ rí oníbàárà níbí, àbí Èkó lẹ sá lọ? Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi o.