Fọ́tò Òkè Ìdànrè ní dúdú àti funfun: ọyẹ́ ti jẹ ẹ́ run

Akẹ́kọ̀ọ́Lẹ́ǹsì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fọ́tò Òkè Ìdànrè kan wà lọ́wọ́ mi, oṣù kìíní ni mo yà á, ọyẹ́ mú gan-an. Fáìlì RAW ni, èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe. Bí mo ṣe yí i sí dúdú àti funfun nínú Lightroom (ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà), òkè, igbó àti ojú ọ̀run rí bákan náà bí eérú. Mo gbé Contrast (ìyàtọ̀ dúdú àti funfun) sí +60: ojú ọ̀run funfun báláú, abẹ́ igbó dúdú kirikiri, àárín ò yàtọ̀. Mo fa búlúù inú B&W Mix (ibi tí a ti ń yan bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣe mọ́lẹ̀ tó) sí −80 kí ojú ọ̀run lè ṣú, hóró-hóró ló kún ibẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

DúdúFunfun
Ẹ kọ́kọ́ dá Contrast padà sí òdo. Ohun tó mọ́lẹ̀ ló ń tì sókè, ohun tó ṣú ló ń tì sísàlẹ̀, kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ò fẹ́. Nínú fọ́tò ọyẹ́, histogram (àwòrán tó ń fi hàn bí dúdú, eérú àti funfun ṣe pọ̀ tó) máa ń kó jọ sáàárín, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ á ṣófo. Òpin méjèèjì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa Whites: gbogbo ojú fọ́tò á dúdú; tí àmì àkọ́kọ́ bá ti tàn, ẹ dá a padà díẹ̀. Ẹ ṣe Blacks bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ojú fọ́tò á funfun tí ẹ ó máa wá àmì dúdú. Ihò àpáta àti abẹ́ igi ló yẹ kó dúdú tán, kì í ṣe gbogbo igbó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan àwọ̀. Àwọ̀ fọ́tò náà ṣì wà lábẹ́, òun ni B&W Mix ń lò. Ewé tí ẹ rò pé àwọ̀ ewé ni, yẹ́lò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé yẹ́lò sí nǹkan bíi +25, àwọ̀ ewé sí +10, igbó á yọ kúrò lára àpáta. Òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, ọ̀rẹ́ńjì àti pupa ló ń gbọ́ tirẹ̀; ẹ fà wọ́n sísàlẹ̀ tí ilé bá ń gba ojú mọ́ òkè lọ́wọ́. Àpáta fúnra rẹ̀ ò ní àwọ̀ tó pọ̀, Mix ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Curve ni tirẹ̀, ìlà tí a ń tẹ̀ láti yí ìmọ́lẹ̀ padà, láti 0 (dúdú) dé 255 (funfun): àmì kan sí 64, kí ẹ fà á wá sí 56, òmíràn sí 192, kí ẹ gbé e dé 200. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àgbà_Dákúrúùmù
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò dáhùn ọ̀rọ̀ búlúù, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà. Ojú ọ̀run ọyẹ́ ò ní búlúù. Eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá tóbi, gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń fọ́n ká fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà. Ìdí tó fi funfun nìyẹn. Nígbà tí Ansel Adams, ayàfọ́tò ará Amẹ́ríkà, fi fílítà pupa mú kí ojú ọ̀run Half Dome (òkè àpáta kan ní Kalifóníà) dúdú ní 1927, ojú ọ̀run orí òkè ni, ó mọ́, búlúù rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹni tó bá ń fa búlúù lórí eruku, hóró-hóró inú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà nìkan ló ń fà jáde, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á sì yọ létí òkè.

Ẹ lo Linear Gradient (àtúnṣe tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀) láti etí òkè fọ́tò wá sísàlẹ̀: Exposure (ìmọ́lẹ̀ lápapọ̀) −0.70, Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀) −30. Kí ẹ wá fi Luminance Range (yíyan ibi gẹ́gẹ́ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó) ṣe Intersect rẹ̀, ìyẹn ni pé ibi tí méjèèjì ti pàdé nìkan ló máa yí padà, kí ó mú apá tó mọ́lẹ̀ nìkan, kí òkè má baà ṣú pọ̀ mọ́ ọ̀run. Ẹ jẹ́ kí etí range náà rọ̀. Tó bá mú ṣákí, ẹ ó rí i létí òkè.

Ẹ má sì lé ọyẹ́ tán o! Òun ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé òkè kejì jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ: àpáta iwájú ṣú, èyí tó tẹ̀ lé e rí bí eérú, ti ẹ̀yìn pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ mọ́ ojú ọ̀run. Bí ẹ bá gbé Dehaze (ohun tó ń mú kùrukùru kúrò) sí +50 lórí gbogbo fọ́tò, òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ògiri kan ṣoṣo. Dehaze +15 àti Clarity (ohun tó ń mú ojú àpáta hàn kedere) +10, lórí mask (ibi tí ẹ yàn) àpáta iwájú nìkan. Ti ẹ̀yìn, ẹ fi í sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Lẹ́ǹsì
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ńkọ́, ṣé Snapseed, áàpù títún fọ́tò ṣe lórí fóònù, lè ṣe é? Mo sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

FóònùNìkan
Ó lè ṣe é. Ẹ fi Tune Image tún ìmọ́lẹ̀ ṣe kí ẹ tó wọ Black & White. Inú rẹ̀ ni fílítà àwọ̀ wà: ẹ mú yẹ́lò tàbí ọ̀rẹ́ńjì. Pupa á sọ igbó di èédú. Tí ẹ bá lo Curves, ẹ wọ View Edits (àkójọ àtúnṣe tí ẹ ti ṣe), kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibi tí ẹ fẹ́ kó dé nìkan. JPEG, fáìlì fọ́tò tí a ti fún pọ̀, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ìpele 256 péré ló ní láti dúdú dé funfun, tí ẹ bá na ojú ọ̀run ọyẹ́ lórí rẹ̀, á pín sí ìlà-ìlà. Grainy Film (ohun tó ń fi hóró-hóró bíi ti fíìmù sí i) díẹ̀ máa ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

DúdúFunfun
Ní ti títẹ̀: dúdú bébà tí kò dán kì í jinlẹ̀ tó ti ojú kọ̀ǹpútà, òjìji àpáta á dà pọ̀. Ẹ gbé Shadows (ibi tó ṣú) sókè díẹ̀ nínú ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù kí ẹ tó ṣèdájọ́, torí èyí tó ń tàn jù ló ń mú kí fọ́tò jáde ní ṣíṣú. Ẹ gé ibi tó dúdú jù àti ibi tó funfun jù sórí bébà A4 kan, kí ẹ ní kí lábù tẹ ìyẹn ná. Tí dúdú bá jáde tó ń pọ́n tàbí tó ń ṣe bí ewé, nígbà tí fáìlì yín ò ní àwọ̀ kankan, ẹ̀rọ wọn ni kí wọ́n tún ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan Curve yín.