Ìkómọ wa Sátidé, wọ́n ní ìjì ń bọ̀, kí ni ká ṣe?

Ìyá Tuntun, Garland (Túsìdeè, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará Dallas àti àyíká ní Texas níbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Sátidé tó kọjá ni mo bímọ, ọkùnrin ni, ìkómọ rẹ̀ wá bọ́ sí Sátidé yìí, a ti háyà kánópì ńlá méjì sẹ́yìnkùnlé, àwọn tá a pè ti lé ní ọgọ́rin, agogo mẹ́ta ọ̀sán la kọ sínú ìwé ìpè. Àárọ̀ yìí ni ọkọ mi fi máàpù Storm Prediction Center, àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì fún ìjọba Amẹ́ríkà, hàn mí, ti Sátidé, wọ́n kun ọ̀dọ̀ wa láti Oklahoma dé Waco ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n kọ 30% sí i. Maryland la ti kó wá lóṣù kẹsàn-án, a ò tíì lo ìgbà ìrúwé níbí rí. Ọkọ mi ní 30% kéré, ó ní 70% ṣì jẹ́ tiwa. Màmá mi tó wá bá mi wẹ ọmọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n fọkàn balẹ̀, òun mọ bàbá kan nílé tó ń mú òjò dúró, òun á pè é lórí WhatsApp. Ṣé kí n sún un ni àbí ká máa ṣe é lọ? Àwọn oníkánópì ní àwọn ò ní dá owó padà o.

Àlàbí Arlington

Ẹ kú ewu ọmọ o Àǹtí, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá pé 30% yẹn kì í ṣe ti òjò lásán. Ohun tí wọ́n ń sọ ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ìjì tó burú, èyí tó ń da yìnyín ńlá sílẹ̀ tàbí tó ń ṣí òrùlé, tàbí tọ̀nédò gan-an, ìjì tó ń yí bí òkòtó, ṣẹlẹ̀ láàárín máìlì 25 sí ilé yín. Ọjọ́ tó ṣì jìnnà báyìí, òfìfo ni wọ́n sábà máa ń fi máàpù yẹn sílẹ̀. Tí mo bá rí 15% lásán mo ti ń wá ibi tí mo máa gbé mọ́tò sí, ká má tíì sọ 30. Àmọ́ ó ṣì lè yí o. Tó bá di Tọ́sìdeè, Sátidé á ti bọ́ sí ọjọ́ kẹta nínú kíkà wọn, wọ́n á wá fi orúkọ sí i: Marginal, Slight, Enhanced, Moderate, High, bó ṣe ń le sí i nìyẹn. Ẹ dúró dìgbà yẹn.

Àlájà Irving

Ìjì yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ wa lágbára Ọlọ́run. Ẹ máa se jọ̀lọ́ọ̀fù yín.

Bàbá Fort Worth

Àmín Àlájà, àmọ́ ọmọ mi, èmi ò ní dúró de Tọ́sìdeè kankan lórí ọ̀rọ̀ kánópì. Mo ti wà ní ìlú yìí ní 1995. May 5 ọdún yẹn, wọ́n ń ṣe Mayfest létí odò Trinity, ìta gbangba, èrò bí omi, tọmọ tìyá. Yìnyín dé. Kì í ṣe irú èyí tá a máa ń ṣà jẹ nílé nígbà tá a wà lọ́mọdé o, èyí tó tó ọsàn, òmíràn ju ọsàn lọ, ó ń já bọ́ látòkè. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fara pa. Gíláàsì mọ́tò mi ò ku ẹyọ kan. Aṣọ ni kánópì, kí ló fẹ́ gbà sílẹ̀, irin ẹ̀ gan-an ló máa ń di ọ̀kọ̀ tí atẹ́gùn bá gbé e. Nílé wọ́n máa ń ní àjà gbé èèyàn lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú ewé àti egbò. Àjà ti ibí ò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣègùn o.

Ohun tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu ni agogo mẹ́ta yẹn. Ta ló ń sọmọ lórúkọ lágogo mẹ́ta? Òwúrọ̀ kùtù la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

Ìyá Ìbejì Mesquite

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló wọ̀ mí lára jù. Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní Norman ló là á yé mi. Ó ní afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tó sì lọ́rinrin, tó ń ti òkun Gulf bọ̀ dà bí omi nínú ìkòkò ẹ̀wà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ gbígbóná láti ìwọ̀ oòrùn wá gorí ẹ̀ bí ọmọrí. Láàárọ̀ ọmọrí yẹn dé e pa. Oòrùn á máa koná mọ́ ọn nísàlẹ̀, tó bá fi máa di agogo mẹ́ta mẹ́rin, ọmọrí á fò, gbogbo ẹ̀ á ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ọ̀sán sí alẹ́ ló sábà máa ń le. Nígbà míì ṣá ó máa ń ti òru wá, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ Fúráìdeè.

Ẹ sì fi ibi tẹ́ ẹ máa sá sí han Màmá o, ilé ìwẹ̀ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà láàárín ilé, nísàlẹ̀, tí kò ní fèrèsé. Tí wọ́n bá ní watch, ìyẹn ni pé ìjì lè wáyé, ẹ máa ṣọ́ ojú ọ̀run, ẹ má lọ jìnnà. Tí wọ́n bá ní tornado warning, ìyẹn ni pé ó ti dé tán, fóònù gbogbo yín á ké lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé ọmọ ẹ wọlé, ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún Màmá pé Wẹ́sìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù, lọ́sàn-án gangan, Dallas máa ń dán siren ìkìlọ̀ ìjì wọn wò. Ìyá ọkọ mi ò mọ̀, ìgbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti bá wọn, ìkòkò ọbẹ̀ lórí, Bíbélì láyà, láti agogo méjìlá!

Dàpọ̀ Plano

Ẹ sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n wo ìńṣọ́ránsì mọ́tò wọn. Liability nìkan kì í san owó yìnyín, comprehensive ló ń san án. Ojú mi ti rí i.

Ìyá Tuntun, Garland (Tọ́sìdeè, 8:40 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Bàbá, agogo mẹ́ta yẹn, ọkọ mi ló ní kí àwọn tó ń bọ̀ láti Houston lè bá wa. A ti yí i padà. Agogo méje àárọ̀ Sátidé la máa sọ ọ́ lórúkọ nínú pálọ̀, àwa àti àwọn àgbààgbà nìkan, oyin, iyọ̀, atare, orógbó, ó ti parí. Jíjẹ mímu di Sọ́ńdè. Oníkánópì kọ́kọ́ ń kùn, ìgbà tí mo fi máàpù ránṣẹ́ sí i ló gbà láti gbé e wá ní Sọ́ńdè láìgbowó lé e.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ti àárọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ wa ti di Slight, Enhanced ti sún sí ìlà oòrùn, láti Tyler dé Shreveport. Ẹ ò ní gbàgbọ́, Màmá ti ránṣẹ́ owó sí bàbá yẹn láti àná. Wọ́n jókòó síbí báyìí, wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ní ṣé mo ti wá rí i.

Àlàbí Arlington

Ẹ bá wa bẹ Màmá kí wọ́n pè é padà. Àbúrò mi wà ní Shreveport.