Kí ló dé tí wọ́n kọ́ Fort Bowie sáàárín òkè?

Arìnká: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Arizona, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ológun Amẹ́ríkà ń wá tí wọ́n fi kọ́ àgọ́ ológun Fort Bowie sí Apache Pass, ọ̀nà tó gba àárín òkè, níbi tí ọ̀tá ti lè lúgọ sórí òkè? Kí ló sì dé tó jẹ́ àlàpà ló kù níbẹ̀?

Ọmọ Ìtàn: Omi ni. Apache Spring, ìsun omi tó wà níbẹ̀, kì í gbẹ, ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà sì ti ń gbabẹ̀ láti 1858. Ní 1861, Lẹ́fútẹ́náǹtì Bascom ológun Amẹ́ríkà fẹ̀sùn ìjínigbé kan Cochise, olórí kan láàárín àwọn Chiricahua, ẹ̀yà kan nínú àwọn Apache tó nilẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀sùn tí ò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ogun bá bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1862, àwọn Apache dènà de ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wá láti California nítòsí omi náà. Howitzer méjì, ìyẹn ìbọn ńlá, ló lé àwọn Apache kúrò lórí òkè. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ológun ti bẹ̀rẹ̀ àgọ́ Fort Bowie.

Alámọ̀: Àgọ́ kòńkò ni, ní 1868 wọ́n kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ títẹ́jú nítòsí. Adobe ni ògiri rẹ̀: amọ̀ tí wọ́n sá gbẹ, tí ò rí iná. Ológun kó kúrò ní oṣù Kẹwàá 1894. Bí òrùlé bá ti lọ, òjò á máa wọ̀ ọ́ látòkè, ọ̀rinrin á máa jẹ ìdí rẹ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ adobe o, ṣe ló ń sé omi mọ́nú.

Arìnká: Ẹ ṣeun. Ṣé ibẹ̀ ni Geronimo, aṣíwájú Apache tó bá ológun jà, ti túúbá?

Ọmọ Ìtàn: Rárá, Skeleton Canyon, ní Arizona náà, ni, oṣù Kẹsàn-án 1886. Wọ́n kàn mú un gba Fort Bowie kí wọ́n tó fi rélùwéè gbé e lọ sí Florida. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n kó àwọn Chiricahua tó bá ológun tọpasẹ̀ rẹ̀ náà ní ìgbèkùn.