Iṣẹ́ tó wù yín látìbẹ̀rẹ̀, ibo ló padà gbé yín já?

ỌmọAṣerò
Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi o, aṣọ rírẹ, ìyẹn àdìrẹ, ló wù mí láti kékeré torí ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ní Kẹ́mta ni mo dàgbà sí, àmọ́ nígbà tí mo parí pólì gbogbo ilé ní kí n lọ wá iṣẹ́ báǹkì. Mi ò rí báǹkì. Mo ra tẹ́rú, aṣọ funfun tá a máa ń rẹ, yáàdì 10 n'Ítòkú lọ́jà àdìrẹ, mo ra dáì, àti kọ́sítíkì pẹ̀lú haidiróòsì, kẹ́míkà tá a fi ń po dáì, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo n'Ítòkú ni mo ní lọ́kàn, títí dòní mi ò tíì ní i. Mo kàn máa ń gbé fídíò sórí WhatsApp nígbà tí mo bá ń rẹ aṣọ, obìnrin kan l'Ékòó bá ní òun ò fẹ́ rà, òun fẹ́ wá kọ́ ọ ni. Ó wọ rélùwéè, ó sọ̀ ní Láderin, mo kọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Òun ló mú ẹlòmíì wá, ẹni yẹn náà mú ẹlòmíì wá. Owó tí mo ń rí nídìí kíkọ́ èèyàn ti wá ju ti aṣọ lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti fi ohun tí mò ń lé sílẹ̀, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ mo máa ń rò ó pé òun náà ló ń dàgbà yẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Pánṣẹ́kẹ́
Òun ló ń dàgbà o jàre.

Télọ̀Ọbáńtokò
Ọjọ́ méjì kẹ̀? Ọdún 3 gbáko ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Lántòrò, mò ń pọnmi, mò ń gbá ṣọ́ọ̀bù, kí n tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ má bínú o àǹtí mi, ẹni tẹ́ ẹ fi ọjọ́ méjì kọ́, kí ló fẹ́ mọ̀? Tó bá sì mọ̀ ọ́n, ṣé kò ní padà wá bá yín du oníbàárà ni?

ỌmọAṣerò
Bùọ̀dá télọ̀, mi ò ní ó ti di aláró. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìko di aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń po dáì, ó lọ ń ṣe é fún ara ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ti iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni mo ń gbà á.

Aláró_Ìtòkú
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí èmi kọ́ṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ sì tún bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé aṣọ ẹbí fún mi, yáàdì 80, búlúù tó dúdú dáadáa, ọjọ́ ti súnmọ́, òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, mo bá kánjú, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo lọ̀ ọ́, mo kó o fún wọn. Lọ́jọ́ ìnáwó òógùn mú wọn, aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ọrùn gbogbo èèyàn di búlúù, ìyá ìyàwó ń pè mí, mi ò lè gbé fóònù. Fìríìsà mi ni mo tà kí n tó rí owó wọn dá padà. Oṣù méje mi ò fọwọ́ kan aró. Ìyá àgbà kan lọ́jà ló ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó aṣọ yẹn wá kí n tún un pa láró lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdojúùtì ńlá ló jẹ́ fún mi, àmọ́ mo lọ. Àwọn tí mo tún tiwọn ṣe ló wá ń kó aṣọ tó ti ṣá nílé wá fún mi, gáùn, jíìnsì, bùbá. Ìdajì iṣẹ́ mi nìyẹn báyìí. Mi ò ronú ẹ̀ rí láyé mi.

ÌyáÌbejì_Pánṣẹ́kẹ́
Ọrùn di búlúù! Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá mi, Ọlọ́run ló yọ yín.

AdúláwọÀkẹ́
Haidiróòsì yẹn ló ti kú. Tẹ́ ẹ bá ṣí ike ẹ̀ sílẹ̀, tí atẹ́gùn òun ọ̀rinrin wọ̀ ọ́, kò lágbára mọ́, dáì ò sì ní yọ́ wọnú aṣọ, ojú lásán ló máa lẹ̀ mọ́.

Aláró_Ìtòkú
Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Aṣọ tí wọ́n bá yọ nínú ìkòkò, ẹ tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kó gbé àwọ̀ ẹ̀ jáde tán, kí ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Ìkánjú ló pa mí.

BàbáAlájé
Ẹ gbọ́ ná, kàm̀pálà, aṣọ tí wọ́n ń fi dáì òyìnbó rẹ, ni gbogbo yín ń ṣe, ẹ máa ń pè é ní àdìrẹ. À dì rẹ! Àbẹ́là tẹ́ ẹ ń yọ́ lé aṣọ lórí, ta ló dì í?

AdúláwọÀkẹ́
Bàbá, ẹlẹ́kọ ńkọ́? Láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sí i, kò sẹ́ni tó di nǹkan kan níbẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ làwọn ìyá wa ń pè é.

BàbáAlájé
Ẹ̀lú, ewé aró, ni wọ́n fi ń rẹ ìyẹn. Kò sí kọ́sítíkì níbẹ̀.

Aláró_Ìtòkú
Bàbá, ọ̀rọ̀ kọ́sítíkì yìí ti pẹ́. Láyé Aláké Adémọ́lá Kejì ni wọ́n fòfin dè é, òun àti aró òyìnbó, àwọn ìyá wa ò gbà, 1936 lọ̀rọ̀ náà le gan-an. Wọ́n gba lọ́yà. Obìnrin tí wọ́n ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ni wọ́n, nǹkan tuntun dé, wọ́n lò ó. Èyí tó ń dùn mí ni ti Ṣáínà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ máa rí i pó funfun. Aṣọ tá a rẹ, àwọ̀ á dé ẹ̀yìn, méjì kì í sì í jọra délẹ̀.

Télọ̀Ọbáńtokò
Òótọ́ nìyẹn, èmi tí mò ń gé e mo mọ̀. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn nípa oníbàárà o.

ỌmọAṣerò
Ẹ jọ̀ọ́ bùọ̀dá mi, àwọn tí mo kọ́ ló ń rán èèyàn sí mi nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn. Àwọn méjì ló fún mi níṣẹ́ lóṣù tó kọjá.

Télọ̀Ọbáńtokò
Ó dáa, mo gbọ́. Ṣé mo lè mú ìyàwó mi wá?

ỌmọAṣerò
Ẹ mú un wá ní Sátidé. Kó wọ aṣọ tí kò níyì, kó sì mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà dání, torí kọ́sítíkì ń jó ọwọ́.

ÌyáÌbejì_Pánṣẹ́kẹ́
Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Aláró_Ìtòkú
Ẹ sún un síwájú o! Ẹ bi mí.