Ẹgbẹ́ ská wa ò tíì dún bíi ská, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, ìlú tí olórin Jerry Dammers ti dá 2 Tone, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, sílẹ̀ ní 1979. Àwa márùn-ún la fẹ́ dá ẹgbẹ́ ská, irú orin kan tó ti Jàmáíkà wá, sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ tróńpẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ náà ni onílù wa ti wá, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Nínú ská àwọn ará Jàmáíkà, gìtá kì í bọ́ sórí ìró ìlù. Àárín ìró kan sí èkejì ló ti ń dún, ṣáká, ṣáká. Tiwa bá ti gbóná báyìí, háíláìfù ló ń dà! Ó ń dùn o, àmọ́ kì í ṣe ohun tá a wá ṣe nìyẹn.

A ti gbọ́ orin Skatalites, ẹgbẹ́ ská ará Jàmáíkà, títí, a ti lo mẹtirónóòmù (ẹ̀rọ tó ń dún kọ́kọ́kọ́ kí eré má bàa yà), a ti dín eré kù. Mo tún ń rò ó pé ká wá ẹni tó ń fọn trombone àti saxophone, ṣùgbọ́n owó yàrá ìdánrawò ti ń ga wá lára.

Ṣé ká kọ́kọ́ wá àwọn onífèrè ni, àbí ká jókòó ti ìlù àti gìtá títí wọ́n á fi bára mu?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.