Gọ́ọ̀mù ń ṣí lára alumíníọ̀mù lásìkò òjò, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sáìnbọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ oníhà méjì, ni mo fi ń lẹ irin ìgbékọ́ mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, alumíníọ̀mù sí alumíníọ̀mù, torí oníbàárà ò fẹ́ rí orí rífẹ́ẹ̀tì níwájú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi òòlù gbá a, kò ní mì. Kí òjò rọ̀ fún bí oṣù méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti etí.

Mo yẹ èyí tó ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá wò dáadáa. Odindi gọ́ọ̀mù dúró sára irin ìgbékọ́. Ojú bọ́ọ̀dù mọ́ fónífóní, àfi funfun díẹ̀ bí ẹfun létí. Gọ́ọ̀mù ò já, ojú bọ́ọ̀dù ni kò dì í mú.

Tínà ni mo fi ń nù ún, mo fi sáńpépà 120 ha á, mo tún nù ún. Nígbà mìíràn ó máa ń di ọjọ́ kejì kí n tó lẹ̀ ẹ́ (ẹ má bú mi). Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ha alumíníọ̀mù ni awọ oxide, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń mú wá sójú rẹ̀, tún ń bò ó, omi sì ń ba awọ yẹn jẹ́. Àwọn tó ń ṣe bàálù ń fi ásíìdì phosphoric àti iná mànàmáná tọ́jú tiwọn, ṣọ́ọ̀bù tèmi ò gba ìyẹn.

Ẹ̀yin tó ti kun primer silane rí, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń kùn sójú irin kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú, ṣé ó ń pẹ́ lóòótọ́? Mo tún máa ń fi kílám̀pù fún un títí gọ́ọ̀mù á fi tú jáde, àbí mo ti ń fún un jù? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí n lọ wẹ́ẹ̀dì í o.